Níbo Ló Máa Sùn Lálẹ́ Ọjọ́ Yẹn?

Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ̀yin atẹ̀wétà àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fíìmù Yorùbá

Ẹ̀yin èèyàn mi,

Igbó-Ọrà ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, ní Ìbàràpá, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní Ẹ̀rúwà, ní Lánlátẹ̀ àti nílé níbí ti di ìyá ọlọ́mọ. N kò wá tọrọ owó lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, ọwọ́ yín ni àtúnṣe rẹ̀ sì wà.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí tí àwọn obìnrin kan ti ń péjọ sí ìloro ilé mi lọ́jọ́ Sátidé, bí oòrùn bá ti rọ̀. Ìwé là ń kà. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ wà nínú wa, aránṣọ wà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì wà, àwọn ọmọ ilé ìwé girama náà a sì máa wá. Ẹni tó bá ní ẹ̀gúsí láti bó, á gbé igbá rẹ̀ dání wá. Etí la fi ń gbọ́ ìwé, ọwọ́ lè máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Bí ìwé bá jẹ́ ti Yorùbá, ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá ni yóò kà á sókè. Bó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo máa ń kà á sínú, tí n ó sì máa sọ ọ́ jáde ní Yorùbá bí ẹni ń pàlọ́.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́, tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, kó páálí ìwé ìfẹ́ kan wá fún wa. Regency Buck wà nínú rẹ̀, ìwé tí Georgette Heyer kọ, tó jáde ní 1935. Ìlú Ọba ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí orí Ọba George Kẹta dàrú, tí wọ́n fi ọmọ rẹ̀ ṣe adelé ní 1811, tí ọmọ náà sì ń ṣe adelé títí bàbá fi wàjà ní 1820. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣàlàyé adelé fún òun. Mo kàn sọ fún wọn pé nígbà náà, Ọ̀yọ́-Ilé ò tíì dahoro, wọ́n sì mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ tó.

Judith Taverner ni orúkọ ọmọbìnrin inú ìtàn náà. Bàbá rẹ̀ kú, ó fi owó ńlá sílẹ̀. Òun àti Peregrine, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, gbéra láti Yorkshire, ó di Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dọ̀ alágbàtọ́ tí bàbá wọn fi wọ́n lé lọ́wọ́. Arúgbó ni wọ́n rò pé àwọn fẹ́ lọ bá. Bàbá arúgbó náà ti kú, ọmọ rẹ̀ ló jogún oyè, òun náà ló sì jogún ẹrù àgbàtọ́: ìjòyè Worth, ọkùnrin tí kò dàgbà púpọ̀, tó rẹwà, tó sì ń gbéra ga. Kó tó di pé Judith mọ̀ pé alágbàtọ́ òun nìyí, ọkùnrin náà ti bá a lójú ọ̀nà, ó sì ti fi ẹnu kò ó lẹ́nu láìgbàṣẹ. Ọwọ́ Worth ni owó Judith wà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ọ̀dọ̀ Worth ni yóò lọ, rárá ni Worth sì ń sọ fún gbogbo wọn. Nígbà tí ìwé máa parí, Worth yìí kan náà ló gbé e níyàwó.

Ẹ̀yin náà mọ irú ìjà tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Ìyá eléèlùbọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọkùnrin tó ṣọ́ owó ọmọ olówó láìfi ọwọ́ kan kọ́bọ̀, tó lé àwọn tó ń wá ogún jẹ lọ, kí la tún ń wá lára ọkọ? Ó ní ìbátan Judith tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i látìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀tá, ẹni tó ń le koko mọ́ ọn gan-an ló fẹ́ ire rẹ̀. Òtítọ́ sì ni, bí ìwé náà ṣe rí nìyẹn. Aránṣọ ò gbà. Ó ní ibi ìfẹnukonu ojú ọ̀nà yẹn lòun ti bínú sí Worth, òun ò sì tíì foríjì í títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó ní bí ọkùnrin kan bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun ní gáréèjì, ariwo òun á dé Ìdèrè. Nọ́ọ̀sì wa, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, béèrè pé ẹni tí a ní kó bá wa ṣọ́ ọmọ, tó wá ń fi ojú ìyàwó wo ọmọ náà, èwo ló ń ṣọ́ nínú méjèèjì?

Mo gbìyànjú láti gbèjà òǹkọ̀wé. Mo sọ fún wọn pé Worth ò dẹnu ìfẹ́ kọ Judith títí ọmọ náà fi pé ọdún 21, tí ẹrù àgbàtọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀, torí ó mọ̀ pé kò bójú mu kí alágbàtọ́ máa fẹ́ ẹni tó ń gbà tọ́. Àwọn kan mi orí. Wọ́n ní ó gbìyànjú.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa, ọmọ ọdún 16. Abúlé kan ní ọ̀nà Ayétẹ̀ ni wọ́n ti mú un wá sọ́dọ̀ ìbátan ìyá rẹ̀ kan, kó lè ráyè lọ sílé ìwé. Ìgbàkígbà tó bá wá, igbá ẹ̀gúsí tí wọ́n rán an pé kó bó ló máa ń gbé wá. Lọ́jọ́ náà kò tíì sọ nǹkan kan. Ó mú hóró ẹ̀gúsí kan, ó tẹ etí rẹ̀ láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, èèpo là, ó ju ọmọ rẹ̀ sínú igbá, kò gbójú sókè. Ó wá ní:

“Màámi, bí Judith bá ní òun ò fẹ́ ẹ, níbo ló máa sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn?”

Ìloro dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá eléèlùbọ́, ẹni tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀, wo ilẹ̀.

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, mo sì sọ ọ́. Judith ní ibi tí yóò sùn. Ilé kan wà tí òun àti àbúrò rẹ̀ ń gbé ní Brook Street ní Lọ́ńdọ̀nù, àgbà obìnrin kan ń bá wọn gbé ibẹ̀, abẹ́ òrùlé Worth kọ́ ló ń sùn. Ó ní owó, wọ́n kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Bó bá ti pé ọdún 21, tirẹ̀ ti di tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè máa bá ọkùnrin náà fa ọ̀rọ̀ láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹyìn. Ó lè sọ pé rárá, kò sì ní sùn níta. Ọmọ náà mi orí, ó mú hóró ẹ̀gúsí mìíràn. Bí mo ṣe ń dáhùn ni mo ti mọ̀ pé mi ò dáhùn ìbéèrè tirẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé wa, ìbéèrè ọmọ yẹn ni mo gbé wá síwájú yín. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ èèyàn nílẹ̀ wa ò ní Brook Street. Oúnjẹ àárọ̀, owó ilé ìwé, ẹní tí wọ́n sùn lé, ọwọ́ ẹnì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́ pé bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ojú tó ti tì, báwo ló ṣe máa wo olóore rẹ̀ kó ní òun ò fẹ́?

Lẹ́yìn tí àwọn yòókù lọ tán lọ́jọ́ náà, obìnrin kan dúró lẹ́yìn. Ó ti lé ní ọdún 60. Ọkùnrin tó rán an níléèwé ló fi ṣe ọkọ, a sì mọ ọkùnrin náà sí èèyàn dáadáa nígbà ayé rẹ̀. Ó ká ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó ní, “Olùkọ́, mo fẹ́ràn ọkọ mi. Mo sunkún rẹ̀ nígbà tó kú. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà dòní, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n bi mí léèrè rí.” Ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ni mò ń wá nínú ìwé yín, tí n kò rí. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ ọ̀dọ̀ àti ọ̀gá nínú fíìmù wa, a ti mọ bó ṣe máa ń lọ. Ìyàwó ilé á burú, kò ní bímọ tàbí kó máa fi ìyà jẹ ọmọ náà. Ọ̀gá á ṣàánú ọmọ, àánú á di ìfẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ á lóyún, ìyàwó ilé á kó ẹrù rẹ̀ jáde, orin á bẹ̀rẹ̀, ẹ ó ní Ọlọ́run ti gba ẹjọ́ aláìlẹ́nìkan rò. Àwa òǹwòran á pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó máa bi ọmọ náà pé lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀gá kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ṣé ibòmíràn wà tó lè lọ? A máa ń sọ pé ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Ẹ wá sọ iṣẹ́ òru ọmọ ọlọ́mọ di ẹ̀san rere.

Àwọn baba ńlá wa pàápàá ò gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, ẹ lọ sí ibi tó ti sọ̀rọ̀ ìwọ̀fà. Bí òbí bá fi ọmọbìnrin ṣe ìwọ̀fà, tí olówó sì bá ọmọ náà sùn, gbèsè náà ti parẹ́ nìyẹn, ọmọ á gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Bí ọmọ náà bá sì ti ní àfẹ́sọ́nà, olówó tún máa san owó ìtánràn lé e. N kò gbóríyìn fún ìwọ̀fà, ìyà ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo làákàyè inú òfin yẹn. Ẹni tó di ọmọ mú, tó ní oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́, òun ni wọ́n di ẹ̀bi rù, nítorí wọ́n mọ̀ pé ohùn ọmọ tó wà nínú gbèsè kì í ṣe ohùn tirẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù, tó sì ń dùn mí jù, ni ti Àìná. Aládùúgbò wa ni ilẹ̀ Yewa jẹ́ sí Ìbàràpá. Ní 1848, àwọn ọmọ ogun Dáhòmì kọlu Òkè-Ọdàn, wọ́n pa àwọn òbí ọmọbìnrin kékeré yìí, wọ́n sì mú ọmọ náà lọ. Ní 1850, Ọba Gezo fi í ṣe ẹ̀bùn fún ọ̀gágun ojú omi kan láti Ìlú Ọba, Frederick Forbes, láti gbé e fún Ọbabìnrin Victoria. Forbes fún un ní orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀: Sarah Forbes Bonetta. Ọbabìnrin gbà á, ó ń san owó ìtọ́jú rẹ̀, ó ń pè é wá sí ààfin. Ọ̀dọ̀ ìdílé Schön ní Gillingham ló dàgbà sí, ìyá ló sì ń pe ìyáálé ilé náà.

Nígbà tó dàgbà tán, James Pinson Labulo Davies wá tọrọ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, oníṣòwò ńlá, ọlọ́lá, ẹni tó ṣèrànwọ́ láti dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú. Àìná ní òun ò fẹ́. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ìyá tó tọ́ ọ pé àwọn èèyàn á ní ọkùnrin dáadáa ni, bó pẹ́ bó yá òun á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn rẹ̀, òun sì mọ̀ pé òun ò lè ṣe é. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n mú un kúrò níbi tó ti mọ́ ọn lára, wọ́n fi í sọ́dọ̀ àwọn àgbà obìnrin méjì ní Brighton, ilé tí ara rẹ̀ ò gbà rárá. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbà. Ní ọjọ́ 14 oṣù August 1862, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. Àwọn èrò pọ̀ lọ wòran.

Ìlú Brighton yẹn kan náà ni adelé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kọ́ ààfin ìgbafẹ́ rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni Heyer gbé Judith lọ nínú ìwé rẹ̀. Ìlú kan náà, ọmọ àgbàtọ́ méjì. Judith, tí ẹnì kan fi ọpọlọ rẹ̀ dá, sọ ohun tó wù ú, ó sì mú un jẹ. Àìná, ọmọ wa, tó fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ ayé, sọ pé rárá, wọ́n sì yí ibi tí ó ń sùn padà títí rárá náà fi di bẹ́ẹ̀ ni.

N kò sọ pé Davies ṣe é níbi. Wọ́n gbé Èkó, wọ́n bímọ, ọmọbìnrin wọn àkọ́kọ́ ń jẹ́ Victoria, Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ ló ṣe ìyá ìsàmì fún un. Àìná kú ní Madeira ní 1880. Ó ṣeé ṣe kó ti wá fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí obìnrin tó dúró lẹ́yìn ní ìloro mi. Ìfẹ́ tó dé lẹ́yìn ò pa ìbéèrè tí wọn ò bi í níwájú rẹ́.

Ẹnì kan á ní, ìtàn ni ìtàn ń jẹ́, Olùkọ́, ẹ má fi ẹrù òfin di ìwé ìfẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí Akéde Èkó. Láti 1929 wọ 1930, Isaac Thomas ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn náà, ó kọ ọ́ bíi lẹ́tà tí obìnrin kan tó ń kú lọ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà sí olóòtú, àwọn kan káàánú rẹ̀, àwọn kan fi owó ránṣẹ́ sí obìnrin tí kò sí láyé rí. Irú òǹkàwé tí a jẹ́ nìyẹn látìbẹ̀rẹ̀: ohun tí a bá kà, ọkàn wa ni a fi ń kà á. Ọmọ ọdún 16 tó ń bó ẹ̀gúsí ní ìloro mi ń kọ́ ohun tí ìfẹ́ jẹ́ láti inú ohun tí ẹ bá gbé fún un. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ ní 2006. Ó sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ò lè ṣe ìgbéyàwó. Ọmọ náà kò ka òfin yẹn rí. Fíìmù yín ló ń wò.

Charles Dickens ti fi bó ṣe yẹ kó rí hàn ní nǹkan bí 170 ọdún sẹ́yìn, nínú Bleak House. Jarndyce, àgbà ọkùnrin tó gba Esther tọ́, kọ lẹ́tà sí i pé kó fẹ́ òun. Esther gbà, nítorí oore. Jarndyce wá rí i pé ìmoore ló sọ̀rọ̀, ọkàn ọmọ náà wà lọ́dọ̀ dókítà kékeré kan. Ó tú u sílẹ̀, ó tún bá wọn tún ilé ṣe. Sátidé tí mo sọ ìtàn yìí, ìyá eléèlùbọ́ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò le. Bí alágbàtọ́ bá máa fẹ́ ọmọ àgbàtọ́ nínú ìtàn yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ti dàgbà tán, ẹ jẹ́ kó ti kúrò lábẹ́ òrùlé rẹ̀, kó ti ní kọ́kọ́rọ́ ilé tirẹ̀ lọ́wọ́ àti iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ, kí ọkùnrin náà tó lanu. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ náà fúnra rẹ̀. Thomas tó jẹ́ ọkùnrin wọ ohùn obìnrin ní 1929, ẹ̀yin náà lè ṣe é. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀gá fipá mú un ni, ẹ pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe ń jẹ́, ẹ má gbé orin ìgbéyàwó sí i.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ kọ ìwé Àìná fún wa ní Yorùbá. Mo ti kà nípa rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìtàn rẹ̀ gbé sílé ní èdè tí ìyá tó bí i fi kí i káàbọ̀ sáyé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Òkè-Ọdàn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ààfin Ọbabìnrin. Bí ìwé náà bá jáde, ẹ fi ẹyọ kan péré ránṣẹ́ sí wa ní Igbó-Ọrà. Ọmọbìnrin yẹn ti ní òun ni yóò kà á sókè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Igbó-Ọrà.